Iyèkan, Ọbàkan àti DNA: Àyẹ̀wò Wo Ló Ń Dáhùn Ìbéèrè Wo?

Ní oṣù Kejìlá tó kọjá, nígbà tí ẹbí wa péjọ ní Iléṣà, àbúrò mi obìnrin kan tó ń gbé ní Houston, ní Amẹ́ríkà, gbé fóònù rẹ̀ jáde láàárín ìpàdé. Ó ní òun ti ṣe àyẹ̀wò DNA, òun sì fẹ́ kí àwọn àgbà bá òun wo ohun tó jáde. Gbogbo yàrá dákẹ́ rọ́rọ́. Bàbá àgbà, tí wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún, gbójú sókè: "Ta ló sọ pé ọmọ kì í ṣe tòun?"

Ẹ̀rù ba àwọn ìyá tó jókòó síbẹ̀, mo rí i lójú wọn. Mi ò dá wọn lẹ́bi. Nílùú wa, bí èèyàn bá ti dárúkọ DNA, ọkọ tó ń fura sí ìyàwó ló ń wá síni lọ́kàn, àti ilé tó tú ká. Bẹ́ẹ̀ ohun tí àbúrò mi gbé wá kò sún mọ́ ìyẹn rárá. Àwòrán ayé kan ni, tí wọ́n fi àwọ̀ kun apá kan rẹ̀, àti orúkọ àwọn èèyàn tí ẹ̀rọ sọ pé wọ́n bá a tan.

Bàọ́lọ́jì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ girama, èmi náà ni mo sì ń kọ ìtàn ìdílé wa sílẹ̀, nítorí náà èmi ni wọ́n ní kí n ṣàlàyé. A jókòó títí ilẹ̀ fi ṣú. Ohun tí mo sọ lọ́jọ́ náà ni mo fẹ́ kọ síbí, àti àwọn tí mi ò rántí sọ, torí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ìdílé ní Iléṣà àti Ifẹ̀ ni ọmọ wọn lókè òkun yóò gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ wá bá lọ́jọ́ kan.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú àwọn àyẹ̀wò méjì tí a ti mọ̀ kúrò lọ́nà. Àkọ́kọ́ ni jẹ́nótáìpù, AA, AS àti SS, tí ṣọ́ọ̀ṣì máa ń béèrè kí wọ́n tó so ọkọ àti ìyàwó pọ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe ìyẹn ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn wa, kì í tilẹ̀ wo DNA fúnra rẹ̀. Èròjà pupa inú ẹ̀jẹ̀, hemoglobin, ni wọ́n ń yẹ̀ wò. Kò mọ ohunkóhun nípa ibi tí ìdílé ti ṣẹ̀. Èkejì ni àyẹ̀wò ẹni tó ni ọmọ, èyí tí Bàbá àgbà ń bẹ̀rù. Ojú-ibi bíi ogún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀ ló ń wò lórí DNA bàbá àti ti ọmọ, ìdáhùn rẹ̀ kò sì ju méjì lọ: òun ni, tàbí òun kọ́. Ẹ bi í pé níbo ni bàbá-bàbá yín ti wá, kò ní ohun tí yóò sọ.

Àyẹ̀wò ìtàn ìdílé jẹ́ nǹkan mìíràn, kì í sì í ṣe ẹyọ kan. Mẹ́ta ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ní ìbéèrè tirẹ̀. Owó ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti ṣòfò torí pé wọ́n ra èyí tí kò lè dáhùn ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀.

Nínú sẹ́ẹ̀lì ara wa, krómósómù 46 ló wà, okùn tín-ín-rín tí DNA tí a jogún lọ́dọ̀ òbí wà nínú rẹ̀; méjì-méjì ni wọ́n, ìyẹn ìdì 23. Bàbá fún wa ní 23, ìyá fún wa ní 23. Ìdì 22 nínú wọn kò ya ọkùnrin sọ́tọ̀ kúrò lára obìnrin. Ìdì tó kẹ́yìn ló ń yà wọ́n: obìnrin ní X méjì, ọkùnrin ní X kan àti Y kan. Yàtọ̀ sí gbogbo ìwọ̀nyí, DNA kékeré kan tún dá wà nínú mitochondria, ohun tín-ín-tín tó ń pèsè agbára fún sẹ́ẹ̀lì. Ìdì 22 yẹn, Y, àti ti mitochondria, orí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ni àyẹ̀wò mẹ́ta dúró lé. Ọ̀nà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbà ti ara òbí dé ara ọmọ ló yàtọ̀.

Àwọn baba wa ti mọ ìyàtọ̀ yìí tipẹ́. Wọ́n ní ọbàkan, wọ́n ní iyèkan. Ọbàkan ni àwọn tí bàbá kan bí láti inú ìyá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Iyèkan ni àwọn tó ti inú ìyá kan jáde. Bí ẹ bá di ọ̀rọ̀ méjì yìí mú, ẹ ti mọ ohun tó ṣòro jù nínú ọ̀rọ̀ DNA.

Èyí tí gbogbo èèyàn ń rà

Èyí tí àbúrò mi ṣe ni wọ́n ń pè ní autosomal. Òun ni àwọn ilé-iṣẹ́ bíi AncestryDNA, 23andMe àti MyHeritage ń tà. Ìdì 22 yẹn ló ń wò ní pàtàkì. Lẹ́tà inú DNA wa tó bílíọ̀nù mẹ́ta, kì í ka gbogbo rẹ̀. Ó ń mú nǹkan bíi 600,000 sí 700,000 ojú-ibi tí àwọn èèyàn ti máa ń yàtọ̀ síra, ó ń fi tiyín wé ti àwọn tó ti ṣe é ṣáájú. Ọkùnrin lè ṣe é, obìnrin lè ṣe é, ó sì ń wo ìhà bàbá àti ìhà ìyá lápapọ̀.

Ẹ ronú kan àdàlú. Ká ní ìyá yín gba ẹ̀wà lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ó gba àgbàdo lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ìwọ̀n kan náà. Ó dà wọ́n pọ̀ sínú ìkòkò kan, ó rò wọ́n pọ̀. Nígbà tó bí àkọ́bí, ó bu ìdajì ìkòkò fún un. Nígbà tó bí èkejì, ìkòkò náà ti tún kún bíi ti tẹ́lẹ̀, ó tún bu ìdajì. Ìwọ̀n kan náà ni ọmọ méjèèjì gbà, ṣùgbọ́n ẹ̀wà pọ̀ jù nínú abọ́ ẹ̀gbọ́n, àgbàdo pọ̀ jù nínú abọ́ àbúrò. Bàbá náà ní ìkòkò tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe bu tirẹ̀. Ìdí nìyí tí ọmọ ìyá méjì, tí wọ́n jọ bàbá jọ ìyá, fi lè ṣe àyẹ̀wò kan náà kí ohun tó jáde má bá ara wọn mu délẹ̀délẹ̀. Kò túmọ̀ sí pé ẹnikẹ́ni parọ́. Táyé àti Kẹ́hìndé náà ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ìbejì ilẹ̀ wa ló ti inú ẹyin méjì wá, nítorí náà DNA wọn kò jọra ju ti ẹ̀gbọ́n àti àbúrò lásán lọ. Àwọn ìbejì tó ti inú ẹyin kan wá nìkan ni tiwọn jẹ́ ọ̀kan náà.

Òbí àti ọmọ ń pín 50%. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tó jọ bàbá jọ ìyá, bíi 50%, ó lè lé díẹ̀, ó lè dín díẹ̀. Ọbàkan sí ọbàkan, tàbí iyèkan tí bàbá wọn yàtọ̀, bíi 25%. Ọmọ ẹ̀gbọ́n sí ọmọ àbúrò, 12.5%. Bí àwọn yẹn náà bá bímọ, ohun tó wà láàárín àwọn ọmọ wọn jẹ́ bíi 3%, lẹ́yìn ìyẹn kò pé 1% mọ́. Ìwọ̀n mìíràn tí ẹ óò rí lójú ìwé náà ni centimorgan, tí wọ́n ń kọ ní cM: òbí sí ọmọ tó bíi 3,400, ọbàkan tó bíi 1,750, ọmọ ẹ̀gbọ́n sí ọmọ àbúrò tó bíi 870. Bí ohun tí ẹ jọ ní pẹ̀lú àlejò kan kò bá ju 7 tàbí 8 cM lọ, ẹ má tíì pa adìyẹ. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀rọ ló ṣèèṣì rí i.

Níbi yìí ni mo fẹ́ kí a dúró díẹ̀, torí ibẹ̀ ni àwọn ilé-iṣẹ́ náà ti ń ṣi ìdílé wa lọ́nà láìmọ̀ọ́mọ̀. Ẹ̀rọ wọn kì í mọ bí ẹ ṣe bá ẹnìkan tan. Iye tí ẹ jọ pín ló ń rí, ó sì ń sọ àbá. Ìdílé olóbìnrin kan ni àbá náà sì gùn lé. Bàbá tó bí bàbá wa fẹ́ ìyàwó mẹ́rin. Àwọn ọmọ tí ọbàkan méjì bá bí kì í pín 12.5%, ìdajì rẹ̀ ni wọ́n ń pín, 6.25%. Nígbà tí àbúrò mi rí ọkùnrin kan báyìí lórí àkọsílẹ̀ rẹ̀, ẹ̀rọ kọ ọ́ pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọmọ-ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, bí ẹni tó ti jìnnà díẹ̀. Irọ́ ni! Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ gan-an ni, láti ilé ìyálé, wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹgbẹ́. Ẹni tí kò mọ̀ pé bàbá àgbà ní ìyálé kò ní mọ̀ láé.

Èyí tó tún jinlẹ̀ ju ìyẹn lọ ni opó ṣíṣú. Nígbà àtijọ́, bí ọkọ bá kú, àbúrò rẹ̀ lè ṣú opó rẹ̀, kó sì bímọ fún un. Àwọn ọmọ tó bí fún ọkọ àkọ́kọ́ àti àwọn tó bí fún àbúrò ọkọ, iyèkan ni wọ́n, torí inú kan ni wọ́n ti jáde. Ṣùgbọ́n bàbá wọn náà tún jẹ́ tẹ̀gbọ́n-tàbúrò. Iye tí wọ́n ń pín á wà láàárín méjì, bíi 37.5%, ó pọ̀ ju ti iyèkan lásán lọ, kò sì tó ti ọmọ ìyá jọ bàbá. Bí ẹ bá rí irú iye báyìí nínú ìdílé yín, ẹ má ṣe yára dá ìyá àgbà tó ti sùn lẹ́jọ́. Ẹ bi àwọn àgbà bóyá wọ́n ṣú opó nínú ilé.

Ẹ tún rántí pé 25% kan náà ló wà láàárín ọbàkan, láàárín ọmọ-ọmọ àti bàbá àgbà rẹ̀, àti láàárín ọmọ àti àbúrò bàbá tàbí ìyá rẹ̀. Ọjọ́ orí ló máa ń yanjú rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ kan, kọ́sìn, tó fi ń kó ọ̀pọ̀ ìbátan pọ̀. Àwa sì ní ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tí a fi ń pe gbogbo wọn. Kò sí èyí tó tó nínú méjèèjì. Ẹ ya igi ìdílé sórí ìwé, kí ẹ tọ́ka sí ibi tí ọ̀nà méjèèjì ti pàdé.

Báwo ló ṣe lè rìn jìnnà tó? Kò ju bí ìran márùn-ún sí mẹ́fà lọ. Gbogbo ẹni tí ìlà wọn pàdé ní ìran kẹta, ìyẹn lára òbí àwọn òbí wọn àgbà, tàbí tó sún mọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀rọ yóò rí wọn. Bí wọ́n bá pàdé ní ìran kẹrin, nǹkan bí ẹnìkan nínú mẹ́wàá ni kò ní bá èkejì pín ohunkóhun tí ẹ̀rọ lè rí. Ní ìran karùn-ún, ó tó ìdajì wọn. Ìbátan tòótọ́ ni wọ́n o; ṣíbí kàn bù wọ́n kọjá ni. Nítorí náà, bí ẹ ò bá rí orúkọ ẹnìkan lórí àkọsílẹ̀ yín, kò tíì sọ pé kì í ṣe ẹbí yín.

Ìdí sì tún nìyí tí mo fi ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹ fi àyẹ̀wò náà ṣe ti àwọn àgbà ilé kí ẹ tó ṣe tiyín. Ohun tí Bàbá àgbà ní lára láti ọ̀dọ̀ ìyá wọn, ìdajì rẹ̀ ló dé ara bàbá mi, bíi ìdá mẹ́rin rẹ̀ ló dé ara mi. Ọdún kọ̀ọ̀kan tí a bá fi falẹ̀ ń ná wa ní nǹkan.

"Ta ni ará Togo nínú wa?"

Bàbá àgbà ló béèrè bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n rí àwòrán náà. Nàìjíríà ló gba ibi tó pọ̀ jù, apá kékeré kan sì kọ Benin àti Togo. Àbúrò mi ti ń wá ìyá àgbà tó wá láti Lomé.

Kò sí ìyá àgbà bẹ́ẹ̀, tàbí ká sọ pé àwòrán yẹn nìkan kò tó ẹ̀rí rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí: ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní àkójọ DNA àwọn tó mọ ibi tí àwọn òbí wọn àgbà ti wá. Wọ́n á gé tiyín sí wẹ́wẹ́, wọ́n á wo àkójọ tí gígé kọ̀ọ̀kan jọ jù. Orúkọ orílẹ̀-èdè òde òní ni wọ́n sì kọ sára àkójọ náà. Ṣùgbọ́n Kétu àti Sábẹ̀ẹ́ wà ní ilẹ̀ Benin lónìí, Yorùbá ni wọ́n, àwọn òyìnbó ló fa ààlà sáàárín àwa àti wọn. Ẹ̀jẹ̀ kò mọ ààlà. Bí àkójọ ilé-iṣẹ́ bá yí padà, ìdá inú àwòrán yín náà á yí padà, láìsí pé ẹ tún tu itọ́ kankan ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò.

Ó yẹ ká mọ ibi tí "Yorùbá" inú ọ̀pọ̀ ìwádìí ayé ti wá. Ètò ńlá kan tó ń jẹ́ HapMap bẹ̀rẹ̀ ní 2002, ó sì gba ẹ̀jẹ̀ Yorùbá 90 ní Ìbàdàn: bàbá, ìyá àti ọmọ láti ilé 30. Ní 2008, ọkùnrin Yorùbá kan láti Ìbàdàn wà lára àwọn àkọ́kọ́ láyé tí wọ́n tẹ gbogbo DNA wọn jáde. Inú mi dùn sí i. Síbẹ̀ Ìbàdàn kì í ṣe Ìjẹ̀ṣà, àwọn tó kóra jọ sí Ìbàdàn sì ti ìlú oríṣiríṣi wá. Ẹni tó bá sọ fún yín pé òun ní àyẹ̀wò tó lè ya ọmọ Iléṣà sọ́tọ̀ kúrò lára ọmọ Ifẹ̀, ẹ gba owó yín padà lọ́wọ́ rẹ̀.

Y ń bá baba rìn

Bàbá ló ń fi Y fún ọmọkùnrin, òun náà á fi fún ọmọkùnrin tirẹ̀, kò sí ìkòkò àdàlú níbẹ̀ rárá. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má yí padà láti ìran dé ìran, àfi àyípadà kékeré tó ń wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, àwọn àyípadà yẹn la sì fi ń mọ ẹ̀ka tó yà. Bí oríkì orílẹ̀ ṣe ń bá baba rìn ni. Ìyàtọ̀ kan péré ló wà: a máa ń ki ọmọbìnrin ní oríkì orílẹ̀ bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní Y. Bí ó bá fẹ́ mọ ìlà yìí, bàbá rẹ̀, ọmọkùnrin tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ bàbá kan, tàbí àbúrò bàbá rẹ̀ ọkùnrin ni yóò bẹ̀. FamilyTreeDNA, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2000, ló mọ iṣẹ́ yìí jù. Oríṣi wọn pọ̀, láti èyí tó ń wo ojú-ibi 37 dé èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ka gbogbo ohun tó ṣeé kà lára Y.

Agboolé wa dára fún àyẹ̀wò yìí ju bí àwọn èèyàn ṣe rò lọ. Àwọn ọkùnrin kì í kúrò nílé. Àwọn ìyàwó ló ń ti ìta wọlé, torí a kì í fẹ́ ara ilé ẹni. Bí ẹ bá kó ọkùnrin mẹ́wàá jọ nínú agboolé kan, ó yẹ kí Y wọn jẹ́ ọ̀kan, ṣùgbọ́n DNA mitochondria tí wọ́n gbà lọ́dọ̀ ìyá wọn lè jẹ́ oríṣi mẹ́wàá. Bí ti ẹnìkan bá yàtọ̀, ìṣekúṣe kọ́ ni ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kó wá sọ́kàn. Ogun sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún tú ìlú ká. Àwọn tí ogun lé kúrò ní agbègbè Ọ̀yọ́ ló tẹ Modákẹ́kẹ́ dó. Àlejò di ọmọ ilé, ẹrú di ọmọ ilé, ìyàwó bí ọmọ láti ilé ọkọ àkọ́kọ́ kó tó wá. A sì gbà wọ́n, a kì wọ́n ní oríkì wa. Opó tí wọ́n ṣú nínú ilé kò ní hàn nínú Y rárá, torí Y kan náà ni ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ní.

Ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí ní Ifẹ̀ ni pé: ṣé Y lè fi hàn pé ọmọ Odùduwà ni mí? Kò lè fi hàn. A ò ní DNA Odùduwà tí a óò fi ti ẹnikẹ́ni wé. Ẹ̀ka tó gbilẹ̀ jù láàárín ọkùnrin Yorùbá, E-M2, ló gbilẹ̀ láti Sẹ̀nẹ̀gà títí dé Gúúsù Áfíríkà, nítorí náà kò ya ọmọ ọba sọ́tọ̀. Ohun tó ṣeé ṣe ni pé kí àwọn ọkùnrin láti ilé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó ń jẹ Ọọ̀ni, Ògbóòrú, Ọ̀ṣinkọ́lá, Gìẹ̀sí àti Láfogído, fi tiwọn wéra, kí a lè mọ̀ bóyá wọ́n pàdé ní bàbá kan àti bí ó ti pẹ́ tó. Bí wọn ò bá pàdé pàápàá, kò lè sọ ẹnikẹ́ni di àlejò, nítorí a máa ń ti ara ìyá jogún ní ilẹ̀ wa pẹ̀lú, Y kò sì rí ìyá. Ọ̀rọ̀ oyè, àṣà ló ń yanjú rẹ̀. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé ìwé DNA wọ kóòtù lórí oyè.

Y lè yani lẹ́nu o. Albert Perry, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tí wọ́n bí sóko ẹrú ní South Carolina, Y ìdílé rẹ̀ kò bá ẹ̀ka kankan mu. Ní 2013, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde pé ẹ̀ka tó ti kọ́kọ́ yà kúrò lára ìdí igi Y gbogbo ọkùnrin ayé ni, wọ́n sì rí irú rẹ̀ láàárín àwọn Mbo ní Kamẹrúùnù.

Ti ìyá

DNA inú mitochondria kéré, lẹ́tà 16,569 péré. Inú ẹyin ìyá ló wà, ti bàbá kì í wọlé. Ìyá ń fi fún gbogbo ọmọ rẹ̀, lọ́kùnrin lóbìnrin, ṣùgbọ́n ọmọbìnrin nìkan ló lè gbé e síwájú. Lára ọkùnrin, ó parí síbẹ̀. Iyèkan ló ń so pọ̀. (X náà wà, ó sì wúlò díẹ̀: bàbá kì í fi X fún ọmọkùnrin rẹ̀, torí náà X tó wà lára ọkùnrin, ti ìhà ìyá rẹ̀ ni.)

Ó lọ́ra láti yí padà. Ìyẹn ni agbára rẹ̀, òun náà sì ni àbùkù rẹ̀: àwọn méjì tí tiwọn jọra pátápátá lè jẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n àti ọmọ àbúrò, wọ́n sì lè jẹ́ ẹni tí ìyá wọn pàdé ní ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Bí ó bá jọra, ó ṣeé ṣe ni. Bí ó bá yàtọ̀ gedegbe, kì í ṣe iyèkan, ọ̀rọ̀ tán. Bákan náà ni Y rí. Àwọn méjèèjì mọ̀ ọ́n kọ̀ ju bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n fọwọ́ sí lọ.

Ilé-iṣẹ́ kan wà ní Amẹ́ríkà, African Ancestry, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2003. Àyẹ̀wò ìyá tàbí ti bàbá yìí ni wọ́n fi ń sọ fún àwọn aláwọ̀ dúdú ibẹ̀ pé Yorùbá ni yín, tàbí Mẹ́ńdè, tàbí Ìgbò. Mo mọ ohun tí ìwé bẹ́ẹ̀ jẹ́ fún ẹni tí wọ́n ti já orúkọ gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Síbẹ̀ ó yẹ ká sọ òtítọ́ fún wọn: bí ẹ bá gòkè lọ ní ìran mẹ́jọ, 256 ni àwọn òbí yín níbẹ̀, ẹnìkan nínú wọn ni àyẹ̀wò yẹn ń sọ̀rọ̀ lé lórí. Ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ìyá sì wà tí ẹ̀yà púpọ̀ jọ ní káàkiri Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà.

Fún irú ìbátan bẹ́ẹ̀, autosomal ló lè rí èèyàn gidi, bí a bá pọ̀ tó nínú àkójọ. Àwọn Yorùbá tí wọ́n kó lọ sí Kúbà àti Bàhíà ní Brazil pọ̀ jù ní ìdajì àkọ́kọ́ sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún, ìran bíi mẹ́fà tàbí méje sẹ́yìn. Ó wà létí ibi tí ọwọ́ tó. Iléṣà mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa: Frederick Kumokun Haastrup, tí wọ́n mú lẹ́rú ní kékeré, dé Sàró, ó padà wálé, ó sì jẹ Ọwá ní 1896, Ajímọ́kọ Kìíní. Àwọn tí kò padà pọ̀ jù ú lọ. Lórí àkọsílẹ̀ àbúrò mi, obìnrin kan wà tí ìyá rẹ̀ wá láti Kúbà, iye díẹ̀ ni wọ́n jọ ní. Ó kọ̀wé sí i. Wọn ò tíì mọ ibi tí wọ́n ti pàdé, wọ́n sì ń kí ara wọn ní gbogbo ọdún tuntun.

Kí ẹ tó tutọ́

Ohun tí ẹ fi ránṣẹ́ kì í ṣe tiyín nìkan. Ti ẹ̀gbọ́n, àbúrò àti ọmọ tí a kò tíì bí wà níbẹ̀. Ní 2023, àwọn ọlọ́ṣà orí íntánẹ́ẹ̀tì rí àkọsílẹ̀ àwọn èèyàn tó tó mílíọ̀nù mẹ́fà ó lé ní 23andMe. Ní oṣù Kẹta 2025, ilé-iṣẹ́ náà lọ sí kóòtù pé gbèsè ti wọ òun lọ́rùn. Òfin Nàìjíríà tọdún 2023 lórí ààbò ìsọfúnni ka DNA mọ́ ohun tó gba ìṣọ́ra pàtàkì, ṣùgbọ́n òkè òkun ni itọ́ yín ń lọ. Ẹ lo ọ̀rọ̀ aṣínà tí ẹ ò lò níbòmíràn. Ẹ má sì gba itọ́ àgbà kankan láìsọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, títí kan pé ó lè gbé ọmọ tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ jáde. Ẹni tó bá ní òun ò ṣe, ẹ fi í sílẹ̀.

Ìbéèrè tiwa nínú ìdílé nìyí. Wọ́n ní ìyá tó bí bàbá àgbà mi, ọmọ Ìlódè ní Ifẹ̀ ni, pé ìdílé kan níbẹ̀ jẹ́ ọmọ iyèkan rẹ̀ obìnrin. Mo ti fẹ́ tu itọ́ tèmi kí n tó ronú dáadáa. Mitochondria ìyá yẹn kò sí lára mi: ọmọkùnrin rẹ̀ ni bàbá àgbà mi, ó parí síbẹ̀. Ara àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ ni mo ní láti tọ̀. Ó bí ọmọbìnrin kan, ọmọbìnrin yẹn bí ọmọbìnrin kan, màmá kan tí wọ́n ń gbé ní Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà báyìí. Ní Ìlódè náà, mo rí bàbá kan tó jẹ́ ọmọ tí ọmọbìnrin iyèkan náà bí. Ọkùnrin ni, ṣùgbọ́n ti ìyá rẹ̀ wà lára rẹ̀. Àwọn méjèèjì ni yóò ṣe ti ìyá, wọn ó sì ṣe autosomal pẹ̀lú. Bí ti ìyá bá yàtọ̀, ìtàn wa ní àtúnṣe. Bí ó bá jọra, tí wọ́n sì tún pín bíi 1.5% sí 3%, mo lè kọ ọ́ sínú ìwé láìbẹ̀rù.

Mo lọ bá màmá ní Ìpetu lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo ṣàlàyé fún wọn fún wákàtí kan, wọ́n bi mí lẹ́ẹ̀mejì bóyá ẹnikẹ́ni ń bá ẹnikẹ́ni ṣẹjọ́, mo ní rárá. Wọ́n ní kí n padà wá lówùúrọ̀ Sátidé. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má tíì jẹ obì àárọ̀ wọn kí n tó dé.